Odó Tí A Gbẹ́ fún Rẹ̀mí

Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa kí n tó dáhùn. Ọyẹ́ ti dé, orúnkún mi kì í sì fẹ́ ká tí ọyẹ́ bá ti dé.

Láàárọ̀ yìí, nígbà tí ẹ ń kó ẹrù ìgbéyàwó Tólú wọlé, mo jókòó síbí, mò ń wò yín. Ẹ gbé fíríìjì kọjá. Ẹ gbé ẹ̀rọ tí ń lọ ata kọjá. Ẹ gbé èyí tí wọ́n ní ó ń gún iyán fúnra rẹ̀ kọjá. Inú páálí ni gbogbo wọn wà, wọ́n fi téèpù dì wọ́n pinpin. Tólú wá kúnlẹ̀ tì mí, ó ní, "Bàbá àgbà, wọ́n ní kápẹ́ńtà lẹ jẹ́ nígbà kan. Kí ló dé tí ẹ kò fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí? Àpótí kékeré lásán náà ńkọ́?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá yín rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn wọ inú mi lọ, kò sì tíì jáde títí di ìsinsìnyí.

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. N óò sọ ọ́ fún yín. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìsikàn níbí, ní Àkúrẹ́, a kì í ra ẹ̀bùn. Bí ẹnìkan bá ra ẹ̀bùn lọ́jà wá fún èèyàn rẹ̀, ohun tí à ń rò ni pé kò ráyè ti ẹni náà. Bí ọmọbìnrin bá ń relé ọkọ, láti bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni iṣẹ́ ti ń lọ ní agboolé. Àwọn àbúrò ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fín igbá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin ń gbẹ́ àpótí, orógùn, ìgbákọ. Ìró àáké lára igi ló ń jí mi láàárọ̀: kó, kó, kó, á dákẹ́ díẹ̀ kí ẹni náà nu ojú, kó, kó. Kò sí èyí tó jọ èkejì nínú ohun tí wọ́n bá ṣe. Tí ẹ bá rí orógùn tí orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti mọ̀ pé àbúrò bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, nítorí ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn obìnrin á ru ẹrù náà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àárín ìlú. Ìyá àgbàlagbà kan á ṣáájú wọn, á máa ké: "Ìkòkò yìí, àbúrò ìyá rẹ̀ ló mọ ọ́n! Ó ní kí ọbẹ̀ má tán níbẹ̀!" Àwọn ará ọ̀nà á dáhùn àmín. "Àpótí yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ! Ó ní ibi ìjókòó kò ní wọ́n ọn!" Wọ́n á tún dáhùn àmín. Bí ẹ bá jẹ́ ẹbí ìyàwó, tí wọn kò sì dárúkọ yín, ojú tì yín nìyẹn. Àwọn èèyàn á máa bi ara wọn pé kí ni ọmọ náà fi ṣẹ̀ yín.

Ọdún Kérésì náà rí bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọdé ń fi ọparun ṣe ìbọn fún ara wa, tí ariwo rẹ̀ ń da adìẹ láàmú. Mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí mo gbẹ́ àpótí fún ìyá tó bí ìyá mi. Ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ, mi ò sì mọ̀. Ìyá àgbà jókòó lé e lójú gbogbo èèyàn, àpótí yẹ̀, wọ́n ṣubú lu ìkòkò ọbẹ̀ adìẹ, gbogbo ọbẹ̀ ọdún sì dà sílẹ̀. Ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí. Ìyá àgbà ní láti ilẹ̀ tí wọ́n wà, "Má fọwọ́ kàn án o. Ta ló ti gbẹ́ àpótí fún mi rí?" Wọ́n wá òkúta pẹlẹbẹ kan ti abẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú náà. Orí àpótí yẹn ni wọ́n ń jókòó sí títí wọ́n fi kú.

Ìgbà tí mo di géńdé ni owó wọ ìlú. Abọ́ tánganran dé, ike dé, fíláàsì aláwọ̀ mèremère dé. Díẹ̀díẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tijú ohun tí a fọwọ́ ṣe. Wọ́n á ní ti ará oko ni. Mo ti kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà nígbà náà, àga onítìmùtìmù ni mò ń kàn fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mi ò gbẹ́ àpótí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi gan-an rò pé ìgbà yẹn ti lọ, mi ò sì banújẹ́ pé ó lọ.

Àfi bí ìlú ṣe le lójijì. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gógó lónìí, mò ń gbọ́ yín. Ọdún tí mò ń wí yìí, mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ di ohun tí à ń tò fún lábẹ́ oòrùn, tí ṣọ́jà dúró tì wá pẹ̀lú kòbókò. Wọ́n dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú kan bí ẹni ń gbá ilẹ̀. Bàbá mi tó ń ṣiṣẹ́ ojú títì fún ìjọba wà lára wọn. Wọ́n wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n bọ́ bàtà iṣẹ́ wọn, wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọn kò sì wọ̀ ọ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò sẹ́ni tó ń kan àga mọ́. Mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, mò ń gbá a, mo sì ń tì í nírọ̀lẹ́.

Ọdún yẹn gan-an ni Rẹ̀mí fẹ́ relé ọkọ. Rẹ̀mí ni àbúrò mi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá mi. Tíṣà kan ní ìlú Oǹdó ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, òun náà kò rí owó oṣù gbà déédéé. Ilé wa kò ní nǹkan kan láti fi sin ọmọ lọ sílé ọkọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Rẹ̀mí wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, mi ò bèèrè abọ́ tánganran. Mi ò bèèrè bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí nǹkan gbé wọ ilé wọn. Mi ò fẹ́ wọ Oǹdó lọ́wọ́ òfo."

Mo ní, "Odó ni n óò gbẹ́ fún ọ. Odó ńlá. Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ nígbà àwọn bàbá wa."

Ojú rẹ̀ là. Ẹ ò mọ ohun tí odó jẹ́ ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Nírọ̀lẹ́, láti ìloro wa, a lè fetí mọ ilé tí wọ́n ti ń gún iyán. Ti ìyá báyìí ń dún kìtì, ti ìyá báyìí ń dún gbọ́ngbọ́n, bí odó bá sì dákẹ́ ní ilé kan fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn aládùúgbò á lọ yọjú wò wọ́n. Lọ́dún tí ìlú le yẹn, odó púpọ̀ ló dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń yọjú wo ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Ajíbádé ni mo lọ bá. Bádé ni à ń pè é. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni a ti kọ́ṣẹ́, ọjọ́ kan náà la sì gba fìrídọ̀ọ̀mù. Ọmọ Òda ní ẹ̀bá Àkúrẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ wà ní Òda níbẹ̀, opó tó ń gbin kókò àti ẹ̀gẹ́, òun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún wọn. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń súfèé tó bá ń fági, tí súfèé náà bá sì dúró, mo mọ̀ pé ó rí ibi tí pákó ti sán. Ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Mi ò sọ èyí fún un rí.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ odó fún un, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ugi apá kan wà nínú igbó lẹ́yìn Òda. Mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Odó Rẹ̀mí wà nínú rẹ̀." Ugi, bí a ṣe ń pe igi lẹ́nu wa níbí. Igbó ìjọba ni. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, àwọn gáàdì sì ń yí i ká. A mọ̀. A lọ.

Àárọ̀ kùtù la wọ igbó, ọyẹ́ mú, gbogbo ewé gbẹ. Bádé mú mi débi igi náà láìṣìnà lẹ́ẹ̀kan. Igi tó dára ni. A bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, èmi lápá kan, òun lápá kejì, tí èmi bá gé, òun á gé, bí a ṣe ń ṣe ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Ìró yẹn dùn mọ́ mi nínú, ẹ má purọ́ fún ara yín pé àgbàlagbà kì í rántí ohun tó dùn. Ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti gbọ́ àáké lára igi tútù gbẹ̀yìn.

Nígbà tí a ti gé e dé àárín, Bádé dúró. Ó gbójú sókè. Kò súfèé mọ́.

Ó ní, "Wo ìtàkùn yẹn."

Mo wò ó. Ìtàkùn kan tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi so orí igi wa mọ́ orí igi mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Tí igi yìí bá ń lọ, ìyẹn máa fà á padà. Jẹ́ kí n gun igi kejì yẹn, kí n gé e kúrò."

Mo ní, "Títí o óò fi gùn ún tí o óò fi sọ̀, gáàdì á ti dé. Ìtàkùn gbígbẹ ni. Á já fúnra rẹ̀."

Ó ní, "Kò gbẹ."

Mo ní, "Bádé, ṣé a fẹ́ gbẹ́ odó yìí ni àbí a fẹ́ kí wọ́n kó wa? Mo ní á já."

Ó wò mí. Ó mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n tó òun. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ló ń relé ọkọ, èmi ni mo pè é wá, èmi ni mo sì fi oṣù mẹ́ta jù ú lọ. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé àáké. A gé e.

Igi náà dún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tí a fẹ́. Ìtàkùn ló mú un lórí. Mo rí i tó dúró lójú òfuurufú bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ó yí padà. Mo sá. Bádé náà sá, ṣùgbọ́n apá tirẹ̀ ló yí sí.

Nígbà tí ewé já bọ́ tán, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò ké. Orúkọ mi ló ń pè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé mo sùn. Igi ti mú ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìsàlẹ̀ orúnkún. Mo fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ náà títí ó fi yọ. Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, mo sáré, mo rìn, mo wọ́. Gáàdì tí mò ń sá fún láti àárọ̀, mò ń pariwo pè é báyìí. Kò sí gáàdì kankan nínú igbó lọ́jọ́ náà.

Ọkọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ti daṣẹ́ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan péré ló wà níbẹ̀, obìnrin tí oorun hàn lójú rẹ̀. Ó ní kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn apakòkòrò, kò sí ẹfun tí wọ́n fi ń di eegun, kódà kò sí kẹrosíìnì tí wọ́n ó fi se omi. Ó ya aṣọ ibùsùn kan, ó fi pákó méjì há ẹsẹ̀ náà láàárín, ó dì í. Omi ń jáde lójú rẹ̀ bó ṣe ń dì í. Mo rántí pé pákó tí ó lò jẹ́ ara àpótí ọṣẹ.

Ìyá Bádé dé ní ọ̀sán, erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n wò mí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ló yí ugi padà."

Bádé la ojú. A rò pé ó sùn. Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá rẹ̀. "Afẹ́fẹ́ ni, Ìyá mi," ni ó wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wá di afẹ́fẹ́. Gbogbo Ìsikàn, gbogbo Òda, afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbọ́. Ìyá àgbà yín tí mo fẹ́, tó ti lóyún oṣù díẹ̀ nígbà náà, afẹ́fẹ́ ni mo sọ fún un, títí ó fi kú ni ó sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé Bádé lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Òda. Mo pinnu pé igi yẹn á jẹrà síbi tó wà. Rẹ̀mí sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ odó sí òun létí mọ́. Nígbà tí mo sọ èyí fún Bádé lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí, inú bí i. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tó bínú sí mi nìyẹn, nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe.

Ó ní, "Tí o bá fi igi yẹn sílẹ̀, kí ni ẹsẹ̀ mi ń ro mí fún? Lọ gbé e. Lọ gbẹ́ odó náà. Èmi á gbẹ́ ọmọ odó níbí tí mo wà."

Mo lọ. Mo bẹ àwọn ọkùnrin mẹ́ta, a gé ìtì kan nínú rẹ̀, a yí i jáde. Ẹ̀yìn ilé wa níbí ni mo ti gbẹ́ ẹ. Mo fi àáké kékeré gbẹ́ inú rẹ̀, mo da ẹyin iná sí i kó jó, mo ha á, mo tún da ẹyin iná sí i. Èéfín rẹ̀ wọ aṣọ mi tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà yín fi ń bì tí mo bá wọlé. Ní Òda, Bádé fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ tó ti wú náà síwájú, ó ń gbẹ́ ọmọ odó méjì. Ọwọ́ ń dán, iṣẹ́ ń dán. Mo máa ń lọ wò ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Nígbà tó yá, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wà nínú yàrá náà. A kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun ni Rẹ̀mí relé ọkọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń lọ kó kòkó ló ṣàánú wa tó kó wa lọ sí Oǹdó. Ẹrù wa kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí àìsí owó, gbogbo àwọn tó ti gbàgbé tún ti rántí: ìyá mi hun agbọ̀n, àwọn ọ̀rẹ́ Rẹ̀mí fín igbá márùn-ún, àbúrò bàbá mi tó ti darúgbó gbẹ́ orógùn kan tí orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí a ti ṣe irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Bí a ṣe ń gba àárín Oǹdó kọjá, àwọn èèyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn arúgbó kan ń nu ojú. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò wá bí ẹni ń wo eré.

Ìyá tó ṣáájú ń ké orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan odó tí ọkùnrin méjì gbé, ó ké pé, "Odó yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ! Ọmọ odó rẹ̀, Ajíbádé ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ! Ó ní..." Ó dúró. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí Bádé ní kí wọ́n wí. Ó wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó máa sọ ọ́. Àwọn ará ọ̀nà ti ṣetán láti dáhùn àmín. Rẹ̀mí dúró lójú títì nínú aṣọ ìyàwó, ó bo ojú, ó kọ̀ kò rìn mọ́, àfi ìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ jáde wá dì í mú, tí wọ́n sì jọ wọlé.

Ẹsẹ̀ Bádé kò san. Ìgbà tí àwọn dókítà padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ìdíbàjẹ́ ti gòkè kọjá ibi tí wọ́n gé. Ó kú nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ń rọ̀.

Èmi ni mo kan pósí rẹ̀. Kò sí pákó lọ́jà tí ọwọ́ wa lè tó. Mo tú tábìlì iṣẹ́ mi, mo tú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wọn ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀ kan tó kù. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí pèpéle ilé, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń fági. Nígbà tí mo parí, wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ ra etí pósí náà yípo, bí ẹni tó ń wá ibi tó rí ṣákiṣàki. Wọn kò rí ìkankan. Wọ́n padà lọ jókòó. Tólú, ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Pósí yẹn ni ohun tí mo fọwọ́ mi ṣe gbẹ̀yìn fún ẹni tí mo fẹ́ràn. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ilẹ̀kùn, mi ò padà síbẹ̀. Iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń ṣe lẹ́yìn náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí ẹ ṣe mọ̀.

Ó kù díẹ̀. Ẹ farabalẹ̀.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú ni a bí bàbá yín. Ní àárọ̀ ìkómọ, ilé ti kún díẹ̀, a ti gbé omi, iyọ̀ àti oyin kalẹ̀, nígbà tí mo rí Ìyá Bádé tó ń bọ̀ láti ojú títì. A kò ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n ránṣẹ́. Wọ́n ru ẹní kan tí wọ́n ká. Wọ́n wọlé, wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n tẹ́ ẹní náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà yín. Ẹní kékeré ni, ìwọ̀n ọmọ ọwọ́. Wọ́n fi koríko aláwọ̀ pupa àti dúdú hun etí rẹ̀. Ìyá àgbà yín bú sẹ́kún, ó dúpẹ́, ó ní kí wọ́n wá jókòó. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wọn. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n wo ojú ọmọ náà fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n ní ọ̀nà Òda jìn.

Mo sìn wọ́n jáde. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ọgbà, ara mi kò gbà á mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìkómọ lọ́rùn mi.

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe afẹ́fẹ́."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Ó sọ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìtàkùn fún mi. Ó ní kí n má bi ọ́ léèrè, pé ìyàwó rẹ lóyún, kí ọkàn rẹ má dàrú. Ó ní kí n hun ẹní fún ọmọ rẹ tó bá dáyé, torí pé òun ò ní lè gbẹ́ nǹkan kan fún un mọ́."

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n dúró tì mí. Mò ń wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n fún un pinpin.

Wọ́n ní, "Ẹní ni ọmọ mi rán mi. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Èyí tí ò ń bèèrè yìí, kò fi rán mi."

Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n bọ́ sójú títì. Mi ò tíì dìde nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí nínú ilé pé àlùfáà ti dé, kí n wá sọ ọmọ mi lórúkọ.